Ilé àti Ilẹ̀: Ìtàn Ilé Àgbékalẹ̀ láti Èkó títí dé Amẹ́ríkà

Ó ṣe é ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ilé kíkọ́. Èmi kì í ṣe káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe bíríkìlà. Ìwé kan ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, èyíinì ni ìwé ìrìn-àjò tí Richard Burton tẹ̀ jáde ní ọdún 1863, nínú èyí tí ó ti fi ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ní Èkó wé pósí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ibẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ẹ̀gàn tí àwọn arìnrìn-àjò Òyìnbó máa ń dà sórí ìlú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà fínnífínní, mo rí i pé kì í ṣe ilé tiwa ni ọkùnrin yìí ń bú. Ilé tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ ṣe ní Ìlú Ọba ni, tí wọ́n dì sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì tò jọ ní etí ọ̀sà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń pè ní ilé àgbékalẹ̀. Ilé tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ ni, yálà ní odindi tàbí ní abala-abala, tí a wá gbé lọ sí ibi tí ènìyàn yóò máa gbé, tí a sì gbé kalẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé a ń lo ọ̀rọ̀ yìí, àgbékalẹ̀, fún ètò ìwé àti ètò ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀ mo fẹ́ ẹ ju "ilé àtòpọ̀" lọ, nítorí pé kì í ṣe títò ni ó ń fa wàhálà fún irú ilé yìí. Gbígbé e kalẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ní ọ̀sán yìí ni pé ilé-iṣẹ́ lè ṣe ilé kí ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a gbé e lé, ọwọ́ tí ó gbé e lé e, àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà ni wọn yóò pinnu bí yóò ti pẹ́ tó, àti irú ayé tí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ yóò jẹ.

Fáwẹ̀lì kan péré àti ohùn orí rẹ̀ ni ó ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ nínú èdè wa. N kò sọ pé ọ̀kan jáde láti ara èkejì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wà níjòókòó, n kò fẹ́ kí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ àwọn baba wa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ nítòsí ni wọ́n fi ń mọ ògiri. Wọn a mọ ipele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́, kí wọn tó mọ òmíràn lé e. Koríko bẹẹrẹ láti inú ọ̀dàn, tàbí ewé láti inú igbó, ni wọ́n fi ń bò ó. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ilé bá ilẹ̀ mu, nítorí pé ilẹ̀ náà ni ó dìde tí ó di ilé. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ilé ní ìlú kan láti gbé e lọ sí ìlú mìíràn ni ìbéèrè yìí wáyé.

Ní nǹkan bí ọdún 1830, káfíńtà kan ní London tí ń jẹ́ Manning ṣe ilé pákó kékeré fún ọmọ rẹ̀ tí ń ṣí lọ sí Ọsirélíà. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀nà náà dára, ó sọ ọ́ di òwò. Òpó ilé náà ní ojú gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, abala pákó tí yóò di ògiri a sì wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo abala, tí ó fi jẹ́ pé èyíkéyìí lè gba ipò èkejì, kò sì sí èyí tí ó wúwo ju ohun tí ènìyàn kan lè gbé láti èbúté dé ibi tí yóò kọ́lé sí. Ẹ jẹ́ kí á fún káfíńtà yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó ro ti ẹni tí yóò gúnlẹ̀ sí ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí kò ní alágbàṣe, tí òjò sì lè rọ̀ lé lórí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé.

Ní ìgbà kan náà ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò pákó. Ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer gba àṣẹ ìjọba lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní gegele àti kòtò bí ìgbì omi, tí ó fi le ju irin tí ó tẹ́ lọ láìwúwo jù ú lọ. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel, ará Faransé, gba àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń ri irin bọ inú òjé funfun tí a ń pè ní síǹkì kí ó má baà tètè dógùn-ún. Àpapọ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni páánù tí ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa lónìí. Nígbà tí wọ́n rí wúrà ní California ní ọdún 1848, tí wọ́n sì tún rí i ní Ọsirélíà ní ọdún 1851, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ilé onírin ránṣẹ́ sí àwọn èrò tí ń rọ́ lọ síbẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ṣì dúró ní Melbourne, tí wọ́n ń tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀m̀báyé.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó dé Èkó. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí ìlú náà ní ọdún 1851, ìjọba wọn ń fi kọ́ńsùlù síbẹ̀, èyíinì ni aṣojú wọn. Benjamin Campbell dé sí ipò náà ní ọdún 1853. Ilé tí wọ́n tò fún iṣẹ́ yìí jẹ́ páánù lóde, pákó ni wọ́n sì fi tẹ́ inú rẹ̀. Campbell kú ní Èkó ní ọdún 1859. George Brand gba ipò náà, ó sì kú ní ọdún 1860. Henry Foote dé lẹ́yìn rẹ̀, òun náà kú ní ọdún 1861. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di tirẹ̀, ọdún yẹn náà ni Burton sì dé, tí ó wo ilé náà, tí ó ka iye òkú, tí ó sì sọ pé pósí onírin ni, tí ó ń gba kọ́ńsùlù kan lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì burú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀, ó ní láti ṣọ́ra fún àfiwé tí ó bá dùn jù. Páánù kò pa ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta yìí. Àìsàn tí ó ń pa àwọn Òyìnbó ní etíkun wa nígbà náà, ibà ni olórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri títí di ìgbà tí Ronald Ross ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897. Ohun tí a lè fi ẹnu ilé náà sọ ni pé kò ran aláìsàn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti sùn lábẹ́ páánù tí kò ní àjà ní oṣù kẹta ọdún mọ ohun tí mo ń wí. Oòrùn ọ̀sán a mú kí irin gbóná tí a kò fi lè fọwọ́ kàn án, ooru náà a wọlé, ògiri tín-ínrín kò sì ní agbára láti dá a dúró bí ògiri amọ̀ tí ó nípọn ti ń ṣe. Bí òjò bá dé, ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ohùn ara wọn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tí ń ti òkun wá a sì máa jẹ irin, pàápàá ní ojú ìṣó, níbi tí wọ́n ti dá síǹkì lu.

Ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìmọ̀ tí wọ́n nílò wà ní ìlú náà, ní ìrìn díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn ará Èkó ń kọ́lé amọ̀, wọ́n sì ń bò ó ní ewé àti koríko. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà dé mọ bí a ti ń mọ ògiri tí ó nípọn, tí a ń ṣe fèrèsé gíga oníwíńdò pákó, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ láti iwájú jáde sí ẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìlú Ọba kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Irú ilé tí ó ń tà fún ìlú òtútù àti ìlú ooru, ọ̀kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo sọ pé ilé tí ó bá ti ọkọ̀ ojú omi wá kò lè dára, ẹ jẹ́ kí á wo ilé ìjọba àtijọ́ ní Calabar. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe òun náà, pákó igi páìnì ni, wọ́n sì tò ó jọ lórí òkè tí ó kọjú sí odò ní ọdún 1884 fún kọ́ńsùlù Edward Hewett. Ilé náà ṣì dúró. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1959, ó sì di ilé ìṣẹ̀m̀báyé ní ọdún 1986. Kí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti Èkó? Wọ́n gbé e ga kúrò nílẹ̀, ọ̀rinrin kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìdí rẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, kí oòrùn má baà kan ògiri rẹ̀ gbangba. Orí òkè ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe etí omi. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ìran kan tí ó pa á tì pátápátá. Ilé pákó ní ilẹ̀ tí ikán pọ̀ sí kì í dá dúró fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún láìsí ọwọ́ tí ń tún un ṣe.

Láti ibí yìí, ìtàn náà ré kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni ilé àgbékalẹ̀ ti di ilé àwọn ènìyàn lásán, tí kì í ṣe ti aṣojú ọba mọ́. Láàárín ọdún 1908 sí 1940, ilé-iṣẹ́ Sears fi ìwé ìpolówó ọjà ta ilé tí ó ju 70,000 lọ. Reluwé ni ó ń kó pákó, ìṣó àti ọ̀dà lọ bá ẹni tí ó rà á, òun tàbí káfíńtà rẹ̀ a sì kàn án jọ lórí ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ilé tí mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Láti ara tírélà ni ó ti ṣẹ̀, èyíinì ni yàrá kékeré onítáyà tí àwọn ènìyàn ń fi mọ́tò fà lẹ́yìn nígbà ìsinmi. Nígbà tí ìṣẹ́ dé bá Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1929, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rọ́ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ohun ìjà kò rí ilé, tírélà ni ìjọba fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ogun parí, wọn kò jáde.

Òfin ojú ọ̀nà kò fẹ́ kí tírélà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ní ọdún 1954, Elmer Frey, oníṣẹ́ tírélà kan ní Wisconsin, ṣe èyí tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni ó fi kún un, ṣùgbọ́n ó tó kí ọ̀nà wà láti kọjá ní ẹ̀gbẹ́ yàrá láìgba inú yàrá. Láti ìgbà náà ni ohun tí à ń fà kiri ti di ohun tí à ń gbé lọ ní ẹ̀ẹ̀kan tí kò sì ní padà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń ṣe é ní abala méjì tí a óò so pọ̀ ní ojú ilẹ̀. Òfin 1974 fún ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ lórí bí a óò ti máa ṣe wọ́n, ìlànà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 1976. Gbogbo abala tí ó bá ti ilé-iṣẹ́ jáde láti ọjọ́ náà ni ó gbọ́dọ̀ ní àwo irin pupa kékeré tí ó jẹ́rìí pé ó bá ìlànà mu. Ní ọdún 1980, òfin tún orúkọ rẹ̀ sọ: kì í ṣe ilé tí ń rìn mọ́, ilé tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ ni. Ẹ kíyè sí i pé àwo pupa náà ń jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ nìkan. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá já ilé sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò fi ìlànà lé e lórí títí di ẹ̀yìn òfin mìíràn ní ọdún 2000.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wo iṣẹ́ ọjọ́ náà. Lábẹ́ ilé yìí ni irin gígùn wà tí ó gbé e ró. Òfin kò jẹ́ kí a yọ ọ́ títí ayé ilé. A óò kọ́kọ́ ro ilẹ̀ náà, kí a kó koríko àti gbòǹgbò kúrò, nítorí pé ohun tí ó bá jẹrà lábẹ́ ẹsẹ̀ ilé yóò rì. A óò da ilẹ̀ náà dẹ̀gẹ̀ sóde. Ìlànà sọ pé kí ó lọ sílẹ̀ ní ìlàjì íǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, fún ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́ yí ilé ká, kí omi òjò má baà wá bà sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpìlẹ̀ oníkọnkéré fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú òtútù, ìpìlẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ jìn ju ibi tí yìnyín ń dé nínú ilẹ̀ lọ. Àwa kò mọ ohun tí èyí jẹ́, nítorí pé ilẹ̀ tiwa kì í dì. Omi inú erùpẹ̀ a di yìnyín, yìnyín a wú, ilẹ̀ a sì gbé ilé sókè bí ẹni pé èémí ń gbé àyà. Nígbà tí ó bá yọ́, ilé a tún padà sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo igun rẹ̀ kì í padà ní ọgbọọgba.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni a óò to búlọ́ọ̀kù lé. Ojú ihò búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ dojú kọ òkè àti ilẹ̀, nítorí pé bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹrù ilé lè fọ́ ọ. Láàárín búlọ́ọ̀kù òkè pátápátá àti irin abẹ́ ilé ni a óò ti fi igi tí a gé ní ṣónṣó há a, méjì-méjì, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, títí tí ilé yóò fi tẹ́ gbalaja. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó tẹ́, irú èyí tí àwọn bíríkìlà wa náà ń lò. Bí ó bá jẹ́ abala méjì, a óò fà wọ́n pọ̀, a óò fi bóòtù dè wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, a óò sì dí àlàfo àárín wọn kí afẹ́fẹ́ àti omi má baà rí ọ̀nà. A óò tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sórí gbogbo ilẹ̀ abẹ́ ilé, kí ọ̀rinrin má baà gòkè wọ inú pákó. Níkẹyìn a óò fi ààbò yí ẹsẹ̀ ilé ká, pẹ̀lú ojú ihò tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdákọ̀ró gbẹ̀yìn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é náà nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀ ojú omi. Irin gígùn tí ó ní abẹ́ yíyí ni, tí a óò yí wọ inú ilẹ̀ títí yóò fi jìn, tí a óò wá fi okùn irin pẹlẹbẹ so ó mọ́ irin abẹ́ ilé. Búlọ́ọ̀kù ń gbé ilé ró kí ó má rì. Ìdákọ̀ró ń dì í mú kí ó má fò. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tí ó ti ń gbé nínú ilé amọ̀ láti gbà pé ilé nílò okùn bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ilé yìí fúyẹ́, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹ̀fúùfù a sì máa gbé e láti ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1992, ìjì líle tí wọ́n sọ ní Andrew kọlu gúúsù Florida. Ní ìlú Homestead, 1,176 ni irú ilé yìí tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, 1,167 nínú wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mẹ́sàn-án ni ó kù. Kì í ṣe ìdákọ̀ró nìkan ni ó fà á. Ìjì náà le kọjá ohun tí ìlànà ọdún 1976 múra sílẹ̀ fún. Ìjọba tún ìlànà ṣe ní ọdún 1994: wọ́n pín ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí ẹkùn mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí agbára ẹ̀fúùfù, ilé tí wọ́n bá ṣe fún ẹkùn kan kò sì gbọdọ̀ lọ sí èyí tí ẹ̀fúùfù rẹ̀ lágbára jù ú lọ. Nígbà tí ìjì mìíràn tún jà ní Florida ní ọdún 2004, àwọn ilé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àtúnṣe yìí dúró ju àwọn tí ó ṣáájú wọn lọ. Ìyẹn ni pé ó gba ìjọba ní nǹkan bí 140 ọdún lẹ́yìn ilé onírin Èkó kí ó tó fi sínú òfin pé a ní láti béèrè ibi tí ilé ń lọ kí a tó ṣe é.

Ìtọ́jú kò gùn ní sísọ, ó gùn ní ṣíṣe. Ilẹ̀ a máa fara balẹ̀ lábẹ́ ẹrù tuntun, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún ilé wọ̀n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà. Ilẹ̀kùn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́: èyí tí ń pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́ lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í há, onílé a sì mú pákó fá a, láìmọ̀ pé ilẹ̀kùn kò ṣẹ̀, ẹsẹ̀ ilé ni ó rì. Okùn ìdákọ̀ró a máa dẹ̀, a sì máa dógùn-ún. Ihò tí eku bá dá sí aṣọ abẹ́ ilé a máa jẹ́ kí òtútù rí páìpù omi mú. Omi tí ń kán díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò tó ni ọ̀tá tí ó burú jù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìtọ́jú lè ṣe, ẹ wo Ìlú Ọba lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Bọ́ǹbù ti wó ilé púpọ̀, ìjọba sì ṣe òfin ní ọdún 1944 láti pèsè ilé ìgbà díẹ̀. Ó ju 156,000 lọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí ètò náà tó parí. Àwọn kan jẹ́ alumíníọ̀mù, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣe ní abala mẹ́rin-mẹ́rin. Nǹkan bí ọdún 10 ni wọ́n dá fún wọn. Ní Catford, ní gúúsù London, ó lé ní 180 tí wọ́n tò ní ọdún 1945 àti 1946, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun sì wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọdún 60, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń gbin òdòdó sí iwájú rẹ̀. Ìjọba fi mẹ́fà nínú wọn sí abẹ́ ààbò òfin ní ọdún 2009. Ìgbìmọ̀ àdúgbò, tí ó ni ilẹ̀, pinnu láti wó àwọn yòókù. Àwọn kan nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú dúró ni wọ́n ń jà fún, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó dúró sí.

Èyí ni ó mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Amẹ́ríkà lójú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni wọ́n ra ilé àgbékalẹ̀ tí wọn kò ra ilẹ̀. Wọ́n yá ojú ilẹ̀ nínú ọgbà kan, wọ́n sì ń san owó ilẹ̀ lóṣooṣù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìwé tí wọ́n ń fún onílé fara jọ ìwé mọ́tò, báńkì náà a sì máa yá wọn lówó bí ẹni tí ń ra mọ́tò, pẹ̀lú èlé tí ó ga ju ti ilé lọ. Nínú òfin, ẹrù tí a lè gbé ni. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún yín, láti orí ìpìlẹ̀ títí dé orí ìdákọ̀ró, ni a ṣe kí ó má baà ṣe é gbé. Láti tú u kí a sì tún un tò ní ibòmíràn ń ná ni ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ilé tí ó ti dàgbà kì í sì fara da ìrìn náà. Bí onílẹ̀ bá fi owó kún owó ilẹ̀, tàbí bí ó bá ta ọgbà náà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀, onílé kò ní agbára kankan.

Àwa Yorùbá mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Àlejò tí ó gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ, nítorí pé igi tí ó ń pẹ́ nílẹ̀ a máa sọ àlejò di onílẹ̀. Àwọn baba wa rí i pé ohun tí ó ta gbòǹgbò àti ohun tí a lè hú lọ kì í ṣe ọ̀kan náà, wọ́n sì jẹ́ kí àdéhùn tẹ̀lé ìyàtọ̀ náà. Òfin tí ó ní kí onílé yí irin wọ inú ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, tí ó sì tún ń pe ilé rẹ̀ ní ẹrù, kò tíì ronú dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ńténà ní etí títì wa sàn jù ú lọ lọ́nà kan: bí wọ́n bá lé e, ọkọ̀ kan ni yóò gbé e lọ, nítorí pé orí búlọ́ọ̀kù lásán ni ó gbé e lé.

Ní ọdún 1984, ní abúlé Meredith ní New Hampshire, àwọn ìdílé 13 tí wọ́n ń gbé nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ gbọ́ pé onílẹ̀ fẹ́ tà á. Wọ́n kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ ayánilówó kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà yá wọn lówó, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà. Àwọn ọgbà mìíràn wò wọ́n ṣe. Ní ọdún 2008 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ROC USA, láti máa ran irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ káàkiri Amẹ́ríkà, ọgbà tí ó lé ní 300 ni ó sì ti di ti àwọn tí ń gbé inú wọn nípa ọ̀nà yìí. Àwọn olùgbé fúnra wọn ni wọ́n ń dìbò yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà ni ó ń pinnu iye owó ilẹ̀, òun náà ni ó sì ń bójú tó páìpù omi, ojú títì, àti ibi tí omi òjò yóò gbà kọjá láàárín ilé kan àti èkejì.